Kámẹ́rà tuntun kọ́ ni fótò bándì rẹ ń wá

Ìbéèrè tí ọ̀dọ́bìnrin kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìjàpọ̀ ni mò ń gbé ní Àkúrẹ́ níbí. Mo fẹ́ràn orin tí wọ́n ń kọ lójú ẹni gan-an, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí n kì í wá ibi tí bándì ti ń ṣeré lọ. Lọ́dún tó kọjá mo ra kámẹ́rà alálòkù kan pẹ̀lú lẹ́ńsì tó bá a wá, ṣùgbọ́n gbogbo fótò tí mò ń yà ló ń ṣókùnkùn, àbí kó máa fà bí ẹni pé omi dà sí i. Ojú olórin á pọ́n bí epo pupa. Tí mo bá tan fláàṣì, àwọn èèyàn á máa wò mí bí ẹni tó jalè. Ẹnìkan ní kí n lọ ra kámẹ́rà olówó ńlá, pé tèmi kò lè ríran lálẹ́. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé tí mo bá délé, n kì í lè rántí orin tí wọ́n kọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n ta kámẹ́rà náà ni àbí kí n yá owó ra òmíràn?"

Àbúrò mi, má tíì yá owó kankan, má sì tíì ta nǹkan kan. Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé ẹ̀bi tí kámẹ́rà kò jẹ lo ń dá a. Ó ti lé ní ọdún 20 tí mo ti ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn káàkiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó, láti ìgbà tí a ṣì ń ra fíìmù olójú 36, tí ọ̀gá á máa kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi ojú kan ṣòfò á san án. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe mí rí. Mo yá owó nítorí rẹ̀ pẹ̀lú. Kámẹ́rà olówó ńlá tí mo rà nígbà náà kàn ń bá mi ya òkùnkùn ti tẹ́lẹ̀ náà ni, àfi pé òkùnkùn ọ̀hún wá hàn kedere sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ "kò lè ríran lálẹ́" yẹn wò. Ojú tiwa ló ń tàn wá jẹ. Tí o bá wọ gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Alágbàká ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ á fi mọ́ òkùnkùn ibẹ̀ lára, á sì máa ṣe ọ́ bíi pé ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Nǹkan kì í mọ́ kámẹ́rà lára. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ ló máa fi ṣiṣẹ́, ọ̀nà mẹ́ta péré la sì lè gbà ràn án lọ́wọ́: kí ihò lẹ́ńsì là gbòòrò, kí ilẹ̀kùn inú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó pa dé, tàbí kí a gbé nọ́ńbà ISO sókè kí ìwọ̀nba tó wọlé lè tó ná. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà rẹ wá yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé èyí tí wọ́n kọ 18-55 sí lára ni. Yẹ etí rẹ̀ wò, wàá rí 3.5-5.6 níbẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń sọ ni pé bí o ṣe ń fa lẹ́ńsì náà gùn kí olórin lè súnmọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ń há sí i. Nígbà tí o bá fi fà á dé 55, o ti fọwọ́ ara rẹ ti fèrèsé. Lẹ́ńsì kékeré kan wà tí kì í fà rárá, 50 ni wọ́n kọ sí i lára, pẹ̀lú 1.8; bí nọ́ńbà ihò yìí bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń là gbòòrò tó. Òun ló sábà máa ń wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù nínú lẹ́ńsì ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà yòówù. Ìmọ́lẹ̀ tí èyí ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 ohun tí tìrẹ ń gbà tó bá wà níbi 5.6. Ìlọ́po 10! Tí o bá ra kámẹ́rà olówó ńlá tí o tún lọ fi lẹ́ńsì olójú tóóró bò ó lójú, o kàn ra ẹrù ni. Àléébù lẹ́ńsì 50 náà ni pé ẹsẹ̀ rẹ ni wàá máa fi fà á. Tí o bá fẹ́ kí olórin tóbi, o ní láti rìn lọ bá a. Èmi ò ka ìyẹn sí àléébù, ṣùgbọ́n níbi tí èrò bá ti pọ̀, yóò ni ọ́ lára.

Ní ti fífà bí ẹni pé omi dà sí i, nínú kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n àti kí olórin mira, ọ̀kan ló fà á, ó sì rọrùn láti mọ èyí tí í ṣe. Wo ẹ̀yìn olórin nínú fótò náà. Tí spíkà àti aṣọ ara ògiri pàápàá bá fà, ọwọ́ rẹ ni. Tí spíkà bá dúró gbọn-in, tó jẹ́ olórin nìkan ló dà bí iwin, ilẹ̀kùn inú kámẹ́rà ló ṣí pẹ́ jù fún ẹni tó ń jó. Tí o bá fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti dá yàn, yóò yan bíi 1/15 ìṣẹ́jú àáyá nítorí òkùnkùn, kò sì sí ẹni tó ń jó tó lè dúró de ìyẹn. Fúnra rẹ ni kí o yàn án. Ẹni tó dúró sídìí máíkì, 1/125 tó o. Ẹni tó ń fò sókè sódò, 1/250. Kọ̀ǹgọ́ onígángan, kódà ní 1/250, á ṣì máa fà díẹ̀, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìlù tí ọ̀pá rẹ̀ dúró gan-an nínú fótò máa ń jọ ìlù tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà, gbé ISO lọ sí 3200, kódà 6400. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dẹ́rù bà ọ́ pé fótò á ṣe hóró-hóró bíi gàrí. Ó lè ṣe é lóòótọ́. Hóró gàrí kò ní kí ìyá olórin má dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ nínú fótò, ṣùgbọ́n tí ojú bá fà, kò lè dá a mọ̀.

Ojú tó ń pọ́n bí epo, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, òun ló sì ń ba àwa tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí pàápàá nínú jẹ́. Tẹ́lẹ̀, gílóòbù ńlá tó ń gbóná ni wọ́n ń gbé sórí ìtàgé, tí wọ́n á fi ike aláwọ̀ bò ó lójú. Pupa tó ń ti ibẹ̀ jáde ṣì máa ń ní àwọ̀ mìíràn díẹ̀ nínú. LED ni wọ́n ń lò báyìí, LED pupa kò sì ní nǹkan mìíràn nínú ju pupa lọ. Inú kámẹ́rà, àwọn ojú tíntìntín tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tò ní mẹ́rin mẹ́rin: méjì ń ṣọ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń ṣọ́ pupa, ọ̀kan ń ṣọ́ búlúù. Tó bá jẹ́ pupa nìkan ló wà lórí ìtàgé, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́, àwọn mẹ́ta yòókù ń wòye. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ á gbà á, á gbà á, títí yóò fi kún àkúnya, ibẹ̀ ni imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ olórin á ti pòórá. Èyí tó bá ti kún àkúnya, kò sí ohun tí èmi tàbí ẹlòmíràn lè fi kọ̀ǹpútà ṣe sí i. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń dín ìmọ́lẹ̀ fótò kù díẹ̀ nígbà tí pupa tàbí búlúù bá gba ìtàgé, mo sì máa ń ya RAW, ìyẹn fótò tútù tí kámẹ́rà kò tíì sè, tí ó máa ń tọ́jú ohun púpọ̀ sí i fún àtúnṣe ju JPEG tí kámẹ́rà ti sè tán lọ. Tó bá ṣì burú, mo máa ń sọ ọ́ di dúdú àti funfun, èèyàn á sì rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣùgbọ́n sùúrù ló dára jù. Ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wa, kò sí ẹnikẹ́ni nídìí láìtì yẹn. Ẹ̀rọ ló ń dá a yí: pupa, ewé, búlúù, funfun, ó tún di pupa. Jókòó, kà á ní ìyípo méjì. Wàá ti mọ ìgbà tí funfun ń bọ̀, wàá sì ti gbé kámẹ́rà sójú kó tó dé.

Tí o bá rí ìlà dúdú gbọọrọ tó dábùú fótò, kámẹ́rà kò bàjẹ́. Iná ìjọba wa ní Nàìjíríà ń lù ní 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ láìtì sì máa ń tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín àkókò yẹn, láìjẹ́ pé ojú wa rí i. Yíyàn 1/100 tàbí 1/50 sábà máa ń pa ìlà náà rẹ́. Mo ní "sábà" nítorí pé àwọn LED kan ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà ṣẹ́jú, àti nítorí jẹnẹrétọ̀. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé ń tiraka lábẹ́ ẹrù spíkà àti fìríìjì, ìlùkìkì rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ìlà náà á máa wá, á máa lọ. Tí kámẹ́rà rẹ bá sì ní ọ̀nà tí kì í pariwo rárá, má lò ó lábẹ́ LED, kí ìlà náà má bàa pọ̀ sí i. Jẹ́ kó máa dún.

Nǹkan kékeré kan tún ń mú fótò ṣókùnkùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kọbi ara sí. Kámẹ́rà gbà pé gbogbo ayé rí bí eérú. Tí olórin bá wọ agbádá funfun tàbí léèsì tó ń dán, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú olórin tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú á wá wọ inú òkùnkùn lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ìtàgé ló dúdú kiriri, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú jù, á sì sun ojú olórin níná. Ojú ẹni tí ò ń yà ni kí o fi díwọ̀n, má fi aṣọ díwọ̀n. Bọ́tìnnì tó ní àmì ròpọ̀ àti àyọkúrò lára kámẹ́rà rẹ, ìdí nìyẹn tó fi wà níbẹ̀.

Fláàṣì wàyí. Jẹ́ kí n sọ ìtàn ara mi fún ọ. Níbi òkú àgbà kan ní Oǹdó, nígbà tí ọwọ́ mi ṣì ń yá, mo lọ dúró sí iwájú baba tó ń lu ìyá ìlù, mo sì tan fláàṣì sí i lójú bíi ìgbà mẹ́fà léraléra. Baba kò bínú. Ó kàn yí ojú ìlù sí mi, ó lù ú pẹ́rẹ́, gbogbo àwọn àgbà tó wà lábẹ́ kánópì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ilé kan tó ń gbé ẹran kọjá ló wá ràn mí lọ́wọ́, ó ní baba ń bi mí pé mànàmáná tó tó báyìí, òjò rẹ̀ dà? Ojú tì mí débi pé mo kó fláàṣì náà sínú báàgì, n kò sì yọ ọ́ mọ́ títí a fi jẹun tán. Yàtọ̀ sí ìtìjú, fláàṣì ní ìṣòro tirẹ̀: tí ibi tí olórin wà bá fi ìlọ́po méjì jìn sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ibi tí o jókòó sí, gèlè àwọn tó wà níwájú rẹ ni fláàṣì ń tàn sí, ó sì ń pa gbogbo àwọ̀ tí wọ́n fi owó ṣe sórí ìtàgé. Nínú ìpàdé ẹbí, fún fótò ìdúró, ó dára. Sójú ẹni tó ń kọrin, rárá.

Ohun tí mànàmáná yẹn kọ́ mi ju ọ̀rọ̀ iná lọ. Èmi tí mo jẹ́ Yorùbá, tí mò ń gbé kámẹ́rà lọ síbi ìlù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyàwó ilé tó ń gbé ẹran gbọ́ ìlù jù mí lọ. Mo padà lọ bá baba náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú fótò méjì tó dára nínú ti ọjọ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́ kó máa kọ́ mi ní ohun tí ìlù ń wí. N kò di onílù, mi ò sì lè sọ pé gbogbo ohun tí ìlù bá wí ni mò ń gbọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí mo gbọ́ yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń ya fótò bándì. Wò ó báyìí: ní òde tiwa, ìlù ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ìlù á pe orúkọ, á ki ẹni náà ní oríkì. Ẹni tí wọ́n pè á gbọ́, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, lẹ́yìn náà á gbé orí sókè, ẹ̀rín á yọ létí ẹnu rẹ̀, á tún gèlè ṣe, á dìde. Gbogbo oníkámẹ́rà tó kù ń dúró de ìgbà tí ó bá dìde. Ìwọ tí o gbọ́ orúkọ nínú ìlù, o ti dojú kọ ọ́ ṣáájú, ẹ̀rín àkọ́kọ́ yẹn, tí kò tíì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun, tìrẹ ni. Kò sí kámẹ́rà tó ní bọ́tìnnì fún ìyẹn.

Ìyókù náà, etí ló ń gbà wọlé. Olórin tó fẹ́ gbé ohùn sókè á kọ́kọ́ mí sínú, èjìká rẹ̀ á gòkè. Nígbà tó bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́, máíkì ti bo ẹnu rẹ̀, fótò tí máíkì bo ẹnu kò sì dùn ún wò. Dúró kí gbólóhùn parí, kí máíkì sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣì wà nínú orin náà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà yẹn ni kí o tẹ̀ ẹ́. Nínú jùjú, kí àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́ tó gbé ẹsẹ̀ pọ̀, ìlù á ti fún wọn ní àmì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ọwọ́ òsì ẹni tó ń darí orin, àti igi ọwọ́ ẹni tó ń lu sẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé e sókè kí orin tó yí padà. Tó bá sì jẹ́ ìjó Ọ̀bìtun ní Oǹdó, ẹsẹ̀ ni kí o máa fi etí bá lọ, kí o má jẹ́ kí ilẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn nìkan gba ojú rẹ. Orin tiwa sì ní àánú kan: ó ń padà wá. Olórin á lé, ègbè á gbà á, wọ́n á tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohun tí o pàdánù nígbà àkọ́kọ́ ṣì ń bọ̀. Nítorí náà fi ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́ orin, fi ìkejì wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí, fi ìkẹta ya fótò. Tí o bá fẹ́ fi kọ́ etí nílé, gbé àwo Sunny Ade kan sí i, ọmọ Oǹdó ṣáà ni nílé baba rẹ̀. Pa ojú dé, kí o máa fi ìka tọ́ka sí ìgbà tí gángan bá dá gìtá lóhùn, àti ìgbà tí gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, bá wọlé. Òun ló mú gìtá yẹn wọ inú jùjú. Tí o bá fẹ́ tó jẹ́ ìlù àti ohùn obìnrin ló pọ̀ nínú rẹ̀, gbọ́ àṣíkò Comfort Omoge. Lẹ́yìn oṣù kan, wàá rí i pé ìka rẹ ti ń ṣáájú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ya ọ̀rọ̀ àìrántí orin rẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ fótò. Ojú kan náà ni ìṣòro méjèèjì wà. Ò ń wo ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ́yìn fótò kọ̀ọ̀kan, àbí irọ́ ni? Nígbà tí o bá ń wò ó, orin ti kọjá, èyí tó dára jù nínú fótò alẹ́ náà sì bá a kọjá. Fíìmù kò fún wa ní ẹ̀yìn tí a lè wò, bóyá ohun tó gbà wá nìyẹn. Èyí tí èmi ń ṣe nìyí: orin méjì àkọ́kọ́, kámẹ́rà mi wà nínú báàgì. Mò ń jó níwọ̀nba, mò ń wo ẹni tó ń bá ẹni ṣe àwàdà nínú àwọn onílù, mò ń ka láìtì. Lẹ́yìn náà mo máa ń ṣiṣẹ́ fún bíi orin mẹ́rin, láìwo ẹ̀yìn kámẹ́rà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ dára. Mo tún máa ń dá a padà sínú báàgì. Tí ẹnìkan bá sanwó fún mi láti wá, kò ṣeé ṣe báyìí, iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ìwọ tí o ń lọ gbádùn ara rẹ, kí ló ń lé ọ?

Kí o tó gbé kámẹ́rà sókè rárá, lọ kí olórí bándì. Ìgbà tó dára jù ni ìgbà tí wọ́n ń dán máíkì wò, tí wọ́n ń pariwo "wọ̀n tú, wọ̀n tú", tí gbọ̀ngàn ṣì ṣófo. Kúnlẹ̀ kí àgbà, sọ fún wọn pé fótò lásán ni, pé wàá fi ránṣẹ́ sí wọn, kí o sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò máa pè ọ́ wá síwájú. Fótò yàtọ̀ sí fídíò o. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 fún olórin ní ẹ̀tọ́ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà má gba odindi orin kí o sì gbé e síta láìtọrọ. Ní ti owó níná, mo mọ̀ pé fótò náìrà tó ń fò lójú afẹ́fẹ́ máa ń wu èèyàn. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, ka níná náìrà lé èèyàn lórí sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Wọ́n sì ń mú èèyàn báyìí. Fótò rẹ lè di ẹ̀rí lọ́rùn ẹni tó gbà ọ́ sí òde rẹ̀. Èmi kì í gbé irú rẹ̀ síta mọ́. Àwọn ètùtù kan sì wà nínú ọdún ìbílẹ̀ wa tí wọ́n á ní kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ rí. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, má ṣe jiyàn.

Má dúró sí ẹnu spíkà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa ń ṣófo, tí èèyàn lè ti rí olórin ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn onímọ̀ nípa etí sọ pé ariwo tó bá wà ní 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, wákàtí 8 ni etí lè fara dà á lójúmọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fi 3 lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì. Tó bá fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù, ẹnu spíkà sì lè dé ibẹ̀, kó tún kọjá rẹ̀. Ra fóòmù tí wọ́n ń kì bọ etí lọ́dọ̀ kẹ́míìsì. Òwú kò ṣe é. Fóòmù kò ní kí o má gbọ́ ìlù, ó kàn ń bu ariwo kù ni. Tí etí rẹ bá ń dún gbíìn títí o fi sùn, o ti pẹ́ jù níbẹ̀.

Fóònù rẹ náà wúlò, má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Tẹ ojú olórin lórí rẹ̀, fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, má sì fi ìka fà á tóbi, rìn súnmọ́ ọn. Ètò alẹ́ tó wà nínú fóònù ń kó fótò púpọ̀ pọ̀ ṣe ẹyọ kan, ó dára fún ilé àti ọ̀nà, kò dára fún ẹni tó ń jó. Ní àsìkò òjò, tí o bá ti inú gbọ̀ngàn tí èyà-kọ̀ndíṣọ̀n ti tutù bọ́ síta, lẹ́ńsì á bu kùrukùru. Má fi aṣọ nù ún. Kí o tó jáde ni kí o ti fi kámẹ́rà sínú báàgì títì, kó sì wà níbẹ̀ níta fún bíi ìdajì wákàtí. Ní ọyẹ́, má yí lẹ́ńsì padà níta.

Nísinsìnyí, owó. Tí mo bá wà ní ipò rẹ, màá fi kámẹ́rà yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, màá wá lẹ́ńsì 50 tó jẹ́ 1.8, alálòkù pàápàá, kí n sì lò ó fún oṣù mẹ́ta gbáko kí n tó tún ronú nípa kámẹ́rà. Tí ibi tí o máa ń lọ bá jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá bíi Dome, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí o súnmọ́ ìtàgé, lẹ́ńsì 50 kò ní tó ọ, ìyẹn ni kí n má tàn ọ́. Àwọn tó gùn tó sì là gbòòrò wọ́n gan-an, níbẹ̀ ni owó yíyá ti ń bẹ̀rẹ̀, mi ò sì gbà ọ́ níyànjú rẹ̀ fún ohun tí kò tíì mú owó wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò lè fojú rí láti ibí: alálòkù ni o rà. Bọ́ lẹ́ńsì náà kúrò lára kámẹ́rà, tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí o sì wo inú dígí. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí o bá rí ohun tó ta bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, olú ló hù síbẹ̀ látinú ọ̀rinrin, tó bá sì ti pọ̀, fótò tí o bá fi yà lè máa ṣú bàìbàì. Gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún ọ, lọ ní àárọ̀, kí ó má tíì nawó ọjọ́ náà.